Ọkàn Tí Kò Balẹ̀: Ìtọ́jú Ìfiyèsí fún Àìsàn Àníyàn àti Ìsoríkọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ń bá wí, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò kan ní Ìròlú, tàbí ní Ìlíṣàn, tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, tí a kò ti lè rí irú rẹ̀. Oníṣòwò obì ni, ẹni tí ó máa ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kí ó tó kó o lọ sí ọjà Ṣàgámù. Ọkọ rẹ̀ wà láàyè, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé, kò sì jẹ gbèsè tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní òru, nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, ojú rẹ̀ a là, àyà rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Yóò ro ti obì tí kòkòrò lè jẹ. Yóò ro ti owó ilé-ìwé. Yóò ro ti ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ sí aládùúgbò rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí ó pẹ́, oúnjẹ kò wù ú mọ́, ọjà kò wù ú mọ́, ilé ìsìn pàápàá sì di ibi tí ó ń fi ipá lọ.

Àwọn kan wí pé ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn mìíràn wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó rẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀, tí ó fẹ́ràn rẹ̀, wí fún un pé, “Ìyá Bísí, gbé ọkàn kúrò níbẹ̀.” Òun náà gbìyànjú títí, kò lè gbé e kúrò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó yá. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ọjà, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà tún dé. Ohun tí ó wá dẹ́rù bà á jù lọ nísinsìnyí kì í ṣe obì, kì í sì í ṣe owó: ẹ̀rù ń bà á pé bí ó bá tilẹ̀ tún yá, yóò tún padà wá ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ọ̀ràn ìpadàwá yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá àti bàbá sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn oníṣègùn ti rí ọ̀nà kan tí ó ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti dènà rẹ̀. Ọ̀nà náà kò ṣòro láti lóye, ṣùgbọ́n a ti sọ ju òtítọ́ lọ nípa rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Irú àìsàn tí í ṣe

Gbogbo ènìyàn ni í banújẹ́, gbogbo ènìyàn ni í sì í ṣàníyàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún; ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ti ìrìn-àjò dé ní alẹ́ yóò máa wo ojú ọ̀nà. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá bá ènìyàn gbé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí agbára rẹ̀ tán, tí kò lè fi ọkàn sí iṣẹ́, tí ó ń rò pé òun kò wúlò, tàbí tí ó tilẹ̀ ń ro ikú, àwọn oníṣègùn a máa pè é ní àìsàn ìsoríkọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé àníyàn nípa ohun gbogbo ni kò jẹ́ kí ènìyàn sinmi fún oṣù púpọ̀, tí àyà ń já, tí iṣan ara ń le, tí oorun kò wá, àìsàn àníyàn ni. Àwọn méjèèjì a sì máa rìn pọ̀ nígbà púpọ̀ bí ìbejì.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé àìsàn òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, pẹ̀lú Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, lọ káàkiri àwọn abúlé àti ìlú ní ẹkùn Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ìlera ara àti ọkàn wọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo àìsàn ìsoríkọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wà láàárín wọn, àwọn ènìyàn sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń múra ìdánwò. Wọ́n ń sọ fún un pé orí ń gbóná, pé ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, pé ojú ń ṣú, pé ohun tí wọ́n kà kò wọlé. Àárẹ̀ ọpọlọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pè é. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn lónìí kà á sí ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àníyàn àti ìsoríkọ́ ń gbà fi ara hàn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé gíga lè ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kí ó sì rò pé ọ̀lẹ ni.

Ohun tí Aró kọ́ wa

Kí a tó lọ sí òkèèrè, ó yẹ kí a rántí ohun tí a ṣe nítòsí. Láti ọdún 1907 ni ilé ìtọ́jú ti wà ní Yábàá fún àwọn tí orí wọn dàrú, ṣùgbọ́n ibi ìhámọ́ ni ó jẹ́ jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ó ti ogun àgbáyé kejì dé sì wà lára wọn. Ní 1954, Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham àti ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìtọ́jú Aró. Ohun tí ó ṣe ya àwọn ará Yúróòpù lẹ́nu. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Ní ọ̀sán wọn a lọ gba ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn a padà sí ààrin ènìyàn. Iṣẹ́ yìí mú orúkọ rẹ̀ kàn dé ibi pé ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìgbà tí ó yá.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oògùn dára, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó. Bí aláìsàn ti ń gbé, ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọkàn rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, ara ìtọ́jú ni gbogbo wọn. Ohun tí a ń fi ọkàn ṣe yìí gan-an ni ọ̀nà tuntun tí a ń sọ dá lé.

Àìsàn tí í padà wá

Ẹni tí ìsoríkọ́ bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún mú un. Bí ó bá sì ti mú un tó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewu àtimú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin tún pọ̀ sí i. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta fi ọ̀ràn yìí ṣe iṣẹ́: John Teasdale ní Cambridge, Mark Williams ní Bangor ní ilẹ̀ Wales, àti Zindel Segal ní Toronto ní Kánádà. Ìbéèrè wọn ni èyí: kí ni a lè ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí ó má baà tún ṣubú?

Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìbànújẹ́ kékeré bá dé bá ẹni tí kò ní irú àìsàn yìí rí, yóò kọjá lọ bí ìrì òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìbànújẹ́ kékeré kan náà bá dé bá ẹni tí ó ti ṣàìsàn rí, a máa jí àwọn èrò àtijọ́ dìde: “Ó tún ti dé. Èmi ni mo fà á. N kò ní bọ́ nínú rẹ̀ láéláé.” Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kí ó baà lè rí ọ̀nà àbáyọ, ìrònú náà yóò sì tún rì í sí i. Ẹ wo ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà oko ní ìgbà òjò: bí awakọ̀ ti ń tẹ iná tó, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń walẹ̀ tó. Kì í ṣe pé awakọ̀ náà jẹ́ ọ̀lẹ. Agbára tí ó ń lò ni ó ń rì í.

Ìdí nìyí tí “gbé ọkàn kúrò níbẹ̀” kò fi ṣiṣẹ́ fún obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọdé kan pé kò gbọdọ̀ ro ewúrẹ́ funfun fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò ro ohun mìíràn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí wá gbọ́ nípa iṣẹ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn. Ní ọdún 1979, ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Worcester ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ara ń ro láìsinmi tí oògùn kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn mọ́. Kò ṣèlérí pé ìrora yóò lọ. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa fi ọkàn sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí ó ń ṣẹlẹ̀, láìbá a jà, láìsì sá fún un. Èyí ni a ń pè ní ìfiyèsí nínú ìwé yìí. Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ ìtọ́jú mìíràn tí ń kọ́ aláìsàn láti yẹ ìrònú ara rẹ̀ wò, ìwé wọn lórí rẹ̀ sì jáde ní 2002.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹgbẹ́ kékeré kan, bí ènìyàn méjìlá, yóò pàdé ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún bí wákàtí méjì, olúkúlùkù yóò sì máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Kò sí àgbo, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí, kò sí aṣọ pàtàkì kan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n a fún olúkúlùkù ní èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo. Yóò wò ó bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Yóò fi ọwọ́ kàn án. Yóò gbóòórùn rẹ̀. Yóò fi sí ẹnu, kò sì ní yára jẹ ẹ́. Àgbálùmọ̀ kan tàbí hóró ẹ̀pà kan yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lè dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rí i ní ọjọ́ náà pé àwọn ti ń jẹun láti ọdún pípẹ́ láìtọ́ oúnjẹ wò, nítorí ọkàn wọn kì í sí níbi tí ẹnu wọn wà.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò dùbúlẹ̀, wọn yóò sì fi iyè sí ara wọn láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé orí. Wọn yóò jókòó, wọn yóò sì máa kíyèsí èémí bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Kò ní pẹ́ tí ọkàn yóò fi sá lọ sí ọjà, sí gbèsè, sí ọ̀rọ̀ àná. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Nígbà tí ìyá bá mú ọmọ kékeré lọ sí ọjà tí ọmọ náà sì yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í lù ú. A máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì mú un padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ń mú ọkàn padà sí orí èémí, ìbáà ṣe ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ọkàn sá. Mímú un padà gan-an ni iṣẹ́ náà.

Ní ìparí, wọ́n a kọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ìsoríkọ́ ti mú rí: pé èrò kì í ṣe òtítọ́ nítorí pé ó wá sí ọkàn. Láàárín “N kò wúlò” àti “Èrò kan wá sí mi pé n kò wúlò,” àyè wà tí ènìyàn lè dúró sí kí ó tó ṣe ìpinnu. Wọ́n a sì kọ àmì tí olúkúlùkù fi ń mọ̀ pé àìsàn òun fẹ́ padà sínú ìwé, bí àìsùn tàbí yíyẹra fún ọ̀rẹ́, àti ohun tí yóò ṣe ní kíá. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀

Ní ọdún 2000, Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìdánwò wọn jáde. Ènìyàn 145 ni wọ́n dán an wò lára, gbogbo wọn sì ti ṣe àìsàn ìsoríkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ara wọn sì ti yá. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú: apá kan gba ìtọ́jú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, apá kejì sì gba ẹ̀kọ́ ìfiyèsí pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, nínú àwọn tí ó ti ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 66 nínú 100 ni ó tún ṣubú láìsí ẹ̀kọ́ náà; ṣùgbọ́n 37 nínú 100 ni ó ṣubú nínú àwọn tí ó kọ́ ọ. Fún àwọn tí ó ti ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ṣe ìrànlọ́wọ́. Ní 2004, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú ìmọ̀ràn fún àwọn oníṣègùn wọn.

Ní 2015, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún dán an wò lára ènìyàn 424 tí wọ́n ń lo oògùn ìsoríkọ́ kí ó má baà padà. Apá kan ń bá oògùn lọ. Apá kejì kọ́ ìfiyèsí, a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà. Lẹ́yìn ọdún méjì, 47 nínú 100 ni ó ṣubú ní apá àkọ́kọ́, àti 44 ní apá kejì. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ìfiyèsí kò borí oògùn, oògùn náà kò sì borí ìfiyèsí.

Ní ti àníyàn, ní ọdún 2022, Elizabeth Hoge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀kọ́ Kabat-Zinn wé oògùn kan tí ń jẹ́ escitalopram, lára ènìyàn 276. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìrọ̀rùn tí apá méjèèjì rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú àwọn tí ó lo oògùn, bí 79 nínú 100 ni ó ní ìpalára kan, ó kéré tán, irú bí àìsùn tàbí èébì. Nínú àwọn tí ó kọ́ ìfiyèsí, ó jẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ìṣẹ́jú 45 ni a ní kí wọ́n máa fi ṣe é nílé lójoojúmọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún ẹni tí ó ní oko, ọjà àti ọmọ.

Ohun tí ó ń ṣe nínú ọpọlọ

Ọpọlọ ènìyàn kò wúwo tó kílógíráàmù kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀rù àti ìrònú ti ń wá. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ̀yà kékeré kan wà tí a ń pè ní amygdala, nítorí pé ó dà bí hóró èso álímọ́ńdì. Òun ni olùṣọ́ tí ń lu agogo. Nígbà tí ẹ bá rí ohun gígùn kan nílẹ̀ ní ọ̀nà oko, àyà yín yóò ti já kí ẹ tó mọ̀ pé okùn ni, kì í ṣe ejò. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ni ó dà bí àgbà ilé tí ń wí pé, “Ẹ fara balẹ̀, okùn ni.” Nínú àìsàn àníyàn, olùṣọ́ a máa lu agogo láìsinmi, ohùn àgbà ilé kì í sì í tètè dé etí rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọpọlọ kì í simi nígbà tí a kò ṣe nǹkan. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú St. Louis ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà tí í ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń ro ara wa, tí a ti ń ro àná àti ọ̀la. Ní 2010, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Harvard fi tẹlifóònù bi àgbàlagbà 2,250 léèrè ní àkókò tí wọn kò retí, pé kí ni wọ́n ń ṣe, kí ni wọ́n ń rò, báwo ni inú wọn sì ti rí. Ní ìgbà bí 47 nínú 100, ọkàn wọn kò sí níbi iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ń ṣe, inú wọn kò sì dùn tó ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Judson Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale rí i pé àwọn apá ọpọlọ tí ń rìn kiri yìí a máa rọlẹ̀ lára àwọn tí ó ti ń ṣe ìfiyèsí pẹ́.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra. Ní 2011 kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Boston fi ẹ̀rọ tí ń lo agbára òòfà ya àwòrán ọpọlọ ènìyàn 16 kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì wí pé apá tí ń tọ́jú ìrántí ti nípọn sí i. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń tún ọpọlọ kọ́. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Wisconsin yẹ ọpọlọ ènìyàn 218 wò ní ọ̀nà tí ó le ju ìyẹn lọ, wọn kò sì rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá tà á fún yín pé ìfiyèsí ń mú ọpọlọ nípọn láàárín oṣù méjì, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ohun tí ẹ̀rí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń ṣubú dín kù. Àgbẹ̀ a máa mọ̀ pé ajílẹ̀ ṣe oko òun ní ire nígbà tí ó bá kórè, bí kò tilẹ̀ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kì í ṣe oògùn gbogbo-n-ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ju 8,000 lọ ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Àbájáde tí ó jáde ní 2022 fi hàn pé kò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan wà, pàápàá àwọn tí ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tí jíjókòó jẹ́ẹ́ máa ń ru ẹ̀rù wọn sókè; irú wọn kò gbọdọ̀ dá a ṣe láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ le gidigidi, tí kò lè dìde tàbí jẹun, ìtọ́jú dókítà ni ó kọ́kọ́ yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní òjijì nítorí ìwé yìí.

A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa kan yóò bi wá pé, “Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àjèjì ni èyí?” Òtítọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni Kabat-Zinn ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe nínú kíláàsì ilé ìwòsàn kò ní òrìṣà, kò ní àdúrà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀. Fífi iyè sí èémí kì í ṣe ìsìn, gẹ́gẹ́ bí fífi iyè sí ẹsẹ̀ lórí afárá kì í ti í ṣe ìsìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á kò gbọdọ̀ fi ipá ṣe é, nítorí ìtọ́jú mìíràn wà. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò gbọdọ̀ sọ mọ́ ni pé aláìsàn náà kò ní ìgbàgbọ́. Ẹ rántí Èlíjà wòlíì lábẹ́ igi nínú aginjù, nígbà tí ó ní kí òun kú. A kò bá a wí. Oorun àti oúnjẹ ni a kọ́kọ́ fún un, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí a tó rán an níṣẹ́.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ìwádìí tí Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, láti ẹnu ènìyàn 4,984 ní Nàìjíríà, fi hàn pé nínú àwọn tí irú àìsàn ọkàn kan bá jà láàárín oṣù 12, bí 8 nínú 100 péré ni ó rí ìtọ́jú kankan. Òfin tuntun lórí ìlera ọkàn, tí ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní 1916, èyí tí ó ka irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí asínwín. Òfin ti yí padà. Ó kù sí ọwọ́ ilé.

Láti Ìròlú, àwọn oníṣègùn wà nítòsí: ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, láti Ṣàgámù ni a sì ti ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Aró. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tí ibà mú kì í fi ara pamọ́ fún dókítà.

Nínú ilé, ẹ má ṣe wí pé “gbé ọkàn kúrò.” Ẹ jókòó ti aláìsàn, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán, ẹ bá a rìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá wà pẹ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ bi í léèrè láìfi ọ̀rọ̀ bò, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé oògùn kòkòrò oko àti gbogbo ohun tí ó lè pa ènìyàn kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, tí ó sì fẹ́ tọ́ ìfiyèsí wò, kí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ó jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Kí ó gbọ́ ohùn ìgbálẹ̀ ní àgbàlá àti ti ẹyẹ lórí igi. Kí ó kíyèsí èémí kan, àti òmíràn. Nígbà tí ọkàn bá sá, kí ó mú un padà. Ìwọ̀nba yìí kò tó láti wo àìsàn, kò sì tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n yóò fi mọ bí ohun tí a ń sọ ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ oníṣòwò obì wa. A kò lè ṣèlérí fún un pé òjò ọdún mìíràn kò ní bá a pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá ti bá a lọ rí dókítà, tí ó sì ti kọ́ láti mọ èrò àtijọ́ nígbà tí ó bá kan ilẹ̀kùn, yóò lè wí ní òru náà pé, “Mo mọ̀ ọ́. Èrò ni ọ́.” Yóò jí ọkọ rẹ̀, yóò sọ fún un pé àmì náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì mọ ohun tí ó kàn láti ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.